Ẹ̀yìn Tí Aṣọ Bò: Ta Ni Yóò Wò Ó?

Bí ènìyàn bá dúró ní Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ wà, yóò rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama bí wọ́n ti ń darí sílé. Àwọn kan ń wá ọkọ̀ Lágere, àwọn mìíràn dorí kọ ọ̀nà Yunifásítì. Báàgì ìwé wà léjìká gbogbo wọn. Àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí wà láàrin wọn, hìjáàbù wọn sọ̀ kalẹ̀ dé ìbàdí, ẹni tó bá sì rí wọn yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun lórí àwọn òbí tó tọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lára wọn tí ẹni tó dúró sẹ́bàá títì kò lè rí, tí olùkọ́ wọn kò lè rí, tí bàbá wọn kò rí, tí ó sì ṣeé ṣe kí ìyá wọn pàápàá má ti rí láti bí ọdún mẹ́ta. Ohun náà ni ẹ̀yìn wọn.

Nígbà mìíràn, télọ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ ko ìyọnu rẹ̀. Yóò wọn yunifọ́ọ̀mù, yóò gé etí rẹ̀ dọ́gba, síbẹ̀ bí ọmọ bá wọ̀ ọ́, apá kan á gòkè ju apá kejì lọ. Télọ̀ á rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n gé. Á tú u, á tún un rán. Ìyá á bínú, á ní iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ́. Kò sí ẹni tí yóò bi ara rẹ̀ léèrè bóyá kì í ṣe aṣọ ni ó wọ́, bí kò ṣe ẹ̀yìn tí a fi aṣọ bò.

Àìsàn tí ẹ̀yìn fi ń wọ́ báyìí ni àwọn dókítà ń pè ní scoliosis. Bí a bá wo egungun ẹ̀yìn ọmọ ènìyàn láti ẹ̀yìn, ó yẹ kí ó tọ́ láti ọrùn títí dé ìdí. Lára ẹni tó ní àìsàn yìí, egungun náà á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nígbà mìíràn á tún tẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì bí ipa ejò lórí iyanrìn. Bí ó ti ń tẹ̀ ni ó ń lọ́ pọ̀, bí aṣọ tí a fẹ́ fún omi rẹ̀. Lílọ́ yìí ni ó ń ti egungun ìhà apá kan síta, tí èjìká kan fi ń ga ju èkejì lọ, tí ìbàdí kan sì ń yọ síta. Bí títẹ̀ náà bá tó digírì 10 lórí àwòrán X-ray ni àwọn dókítà tó ń fún un ní orúkọ àìsàn; ọ̀nà tí wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n ni èyí tí John Cobb, dókítà ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ní 1948. Nínú 100 ọ̀dọ́, bí 2 tàbí 3 ni ó ní in. Ti ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré, kò sì ní í di nǹkan kan títí ayé wọn. Ṣùgbọ́n láàrin àwọn tí tiwọn ń pọ̀ sí i títí tí yóò fi nílò ìtọ́jú, àwọn ọmọbìnrin pọ̀ ju àwọn ọmọkùnrin lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Kí ni ó ń fà á? Nínú bí 8 nínú 10, kò tíì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó máa ń rìn nínú ẹbí. Kì í ṣe báàgì ìwé ni ó ń fà á, kì í ṣe omi tí ọmọ rù, kì í sì í ṣe bí ó ti ń jókòó ní ilé kéwú. Ẹ jẹ́ kí ìyá tó ti ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi fi ọkàn balẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àgàgà ní Ifẹ̀ tí wọ́n ti ń bọ Ọbàtálá láti ayébáyé, ẹni òrìṣà ni wọ́n máa ń ka abuké sí. Ìgbàgbọ́ yẹn kò ní àyè nínú ilé Mùsùlùmí mọ́, ṣùgbọ́n ohun tó rọ́pò rẹ̀ nínú àwọn ilé kan kò sàn jù ú lọ. Wọ́n á ní iṣẹ́ àlùjànnú ni, wọ́n á wá tírà so mọ́ ọmọ nídìí, wọ́n á sì máa retí. Oṣù mẹ́fà á kọjá. Nínú àìsàn yìí, oṣù mẹ́fà kì í ṣe ohun kékeré.

Ìdí rẹ̀ ni pé ìgbà tí ọmọ bá ń ga kíákíá ni ẹ̀yìn náà ń tẹ̀ kíákíá. Lára àwọn ọmọbìnrin, àkókò yìí wà láàrin nǹkan bí ọmọ ọdún 10 sí 14. Ti àwọn ọmọkùnrin ń tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ọdún méjì. Nígbà náà gan-an ni ọmọbìnrin Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ sí í bo ara rẹ̀, tó ń dá wẹ̀, tó ń ti ilẹ̀kùn bí ó bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ. Ohun tó dára ni, ìtìjú sì wà lára ìgbàgbọ́. Kò sí ẹni tó ń sọ pé kí ó yí padà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn òbí mọ̀ pé ọdún tí aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹ̀yìn ọmọ náà ni ọdún tí ẹ̀yìn rẹ̀ nílò ojú jù lọ. Ọmọ kò lè rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Àìsàn náà kì í sì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí yóò mú un ké pe ìyá rẹ̀.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ó sì ti pẹ́ láyé. William Adams, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1865. Kò ní í ṣòro fún ẹni tó ń kírun láti lóye rẹ̀. Kí ọmọ dúró, kí ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó lọ sí rúkúù, ṣùgbọ́n kí ó má fi ọwọ́ di orúnkún mú. Kí ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, kí ó jẹ́ kí wọ́n rọ̀ sísàlẹ̀, kí orúnkún rẹ̀ sì tọ́. Kí ìyá dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi bá ẹ̀yìn ọmọ dọ́gba. Bí apá kan ẹ̀yìn bá ga ju apá kejì lọ, yálà ní ibi ìhà tàbí ní ibi ìbàdí, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ìyá, ẹ̀gbọ́n obìnrin tàbí ìyá àgbà lè ṣe é nínú yàrá, láìsí ọkùnrin kankan nítòsí. Àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn oníṣègùn físíò ní irinṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ń gbé sórí ẹ̀yìn náà, tó dà bí lẹ́fẹ́ẹ̀lì tí àwọn bíríkìlà fi ń wo ìdúró ògiri. William Bunnell ni ó gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní 1984. Bí ó bá fi digírì 5 sí 7 hàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ọmọ lọ rí dókítà. Fóònù alágbèéká pàápàá lè ṣe irú iṣẹ́ yìí lónìí.

Bí ọmọ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, X-ray ni yóò kàn. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń di méjì. Àwọn òbí kan ń sá fún X-ray bí ẹni ń sá fún iná, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé ìtànṣán rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ. Àwọn mìíràn kò bìkítà rárá. Iye ìgbà tí wọ́n bá ní kí wọ́n yà á, wọ́n á yà á. Méjèèjì kò tọ̀nà. Láti 1895 tí Röntgen ti ṣàwárí ìtànṣán yìí ní Jámánì, iye ẹ̀mí tó ti gbà là kò lóǹkà. Àwòrán kan ṣoṣo, tí ó ní ìdí, kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí òbí kọ̀. Àmọ́ ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ kì í ya ẹyọ kan. Bí ó bá ti ń dàgbà, wọ́n lè ní kí ó padà wá ní oṣù mẹ́rin mẹ́rin tàbí mẹ́fà mẹ́fà, títí egungun rẹ̀ yóò fi gbó. Ẹ kà á láti ọmọ ọdún 11 títí dé ọdún 16.

Ẹ̀rù tí àwọn òbí ń bà kì í ṣe àsọdùn lásán. Ní ọdún 2000, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí 5,573 obìnrin tí wọ́n ti tọ́jú fún ẹ̀yìn wíwọ́ nígbà èwe wọn, láàrin 1912 sí 1965. Ní ìpíndọ́gba, ìgbà 24.7 ni wọ́n ti ya X-ray ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Iye tí jẹjẹrẹ ọmú pa nínú wọn jẹ́ 77. Bí ó bá jẹ́ pé bí ó ti ń pa àwọn obìnrin yòókù ni ó ṣe pa wọ́n, kò yẹ kí ó ju nǹkan bí 46 lọ. Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ tó kù: ìtànṣán tí ẹ̀rọ ìgbà yẹn ń tú jáde pọ̀ gan-an ju ti òde òní. Wọ́n sì ti mọ̀ báyìí pé bí ìtànṣán bá gba ẹ̀yìn wọlé dípò iwájú, èyí tó ń kan ọmú ń dín kù púpọ̀. Ìyá tó bá ọmọ rẹ̀ lọ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé láti ibo ni wọ́n ti fẹ́ yà á. Síbẹ̀, ọmú ọmọ ọdún 12 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni, ara tó ń hù sì ni ìtànṣán máa ń bà jẹ́ jù.

Ọ̀nà mìíràn ha wà bí? Ó wà. Ẹni tó bá ti rí aṣọ òfì onílà lára ènìyàn mọ̀ pé ìlà tó tọ́ nígbà tí aṣọ wà ní títẹ́ á tẹ̀ níbi tí ara bá ti yọ, á sì tún tẹ̀ lọ́nà mìíràn níbi tí ara bá ti wọnú. Lórí òye yìí ni ẹ̀rọ náà dúró. Ọmọ á dúró, á kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á ta ìmọ́lẹ̀ lásán, irú ìmọ́lẹ̀ tí iná ilé ń tàn, sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìlà ìlà. Kámẹ́rà á wo bí ìlà kọ̀ọ̀kan ti tẹ̀. Kọ̀ǹpútà á sì fi títẹ̀ wọn ṣírò gíga àti ìjìn gbogbo ẹ̀yìn náà. Kò sí ìtànṣán X-ray nínú rẹ̀ rárá. Bí wọ́n fẹ́ yà á nígbà mẹ́wàá láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sí ìpalára.

Kì í ṣe ohun tuntun. Ní 1970, Takasaki, ọmọ ilẹ̀ Japan, tẹ àlàyé jáde lórí bí òjìji ìlà ìmọ́lẹ̀ ṣe lè fi ìrísí ara hàn bí àwọn ìlà tó ń fi gíga òkè hàn lórí máàpù, àwọn ará Japan sì lò ó fún àyẹ̀wò ẹ̀yìn àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n ṣe ẹ̀rọ tiwọn ní Oxford ní Ìlú Ọba. Drerup àti Hierholzer ní Münster ní Jámánì sì ṣe èyí tí ó jẹ́ bàbá ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń lò ní ilé ìwòsàn lónìí. Bí kọ̀ǹpútà ti ń kéré sí i tí ó sì ń yá sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń rọrùn sí i. Àwọn fóònù kan wà báyìí tí ojú wọn lè wọn ìjìnlẹ̀ ohun tó wà níwájú wọn, àwọn olùwádìí sì ti ń dán wọn wò fún iṣẹ́ yìí kan náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ èyí kí ó wá rò pé X-ray ti kúrò nílẹ̀. Awọ ẹ̀yìn ni ìmọ́lẹ̀ ń wò, kò rí egungun. Digírì tí ó bá kọ kì í ṣe digírì Cobb gan-an, bí ó tilẹ̀ máa ń sún mọ́ ọn. Lára ọmọ tó sanra, ọ̀rá lè bo ohun tó wà lábẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé egungun ẹ̀yìn kan kò pé láti inú oyún ni ó fa wíwọ́ náà, ìmọ́lẹ̀ kò lè sọ ọ́. Dókítà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ kò sì lè fi ọ̀bẹ lé ẹ̀yìn tí kò rí egungun rẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wúlò jù ni àárín: lẹ́yìn tí X-ray àkọ́kọ́ bá ti sọ ohun tó wà níbẹ̀, òun ni ó lè máa ṣọ́ ọmọ náà láti oṣù dé oṣù, tí yóò fi jẹ́ pé ìgbà tí ó bá rí ìyípadà nìkan ni wọn yóò tún padà sí X-ray. Bákan náà ni ó lè dúró ṣáájú X-ray, bí asẹ́ kejì tí a fi ń sẹ́ ògì. Ojú ìyá ni asẹ́ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìyá wọn bá fura sí ni kò ní ohunkóhun; ìmọ́lẹ̀ á dá àwọn wọ̀nyí padà sílé láìsí pé ìtànṣán kan wọ ara wọn.

Ìkìlọ̀ kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró de ẹ̀rọ kankan. Bí ẹ̀yìn ọmọ bá yọ ṣóńṣó ní àárín gbùngbùn, bí ó bá ń dùn ún lóru, bí ara rẹ̀ bá ń gbóná tí ó ń rù, tàbí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń kú tipiri, èyí kì í ṣe ẹ̀yìn wíwọ́ tí à ń sọ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ lè wọ egungun ẹ̀yìn, òun ni ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di abuké ní ilẹ̀ yìí. Kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà.

Ìbéèrè tí ó kù ni pé kí ni àǹfààní kí a tètè mọ̀. Títí di ọdún 2013, àwọn kan ń jiyàn pé ìgbàjá líle tí wọ́n ń fi ike ṣe, tí ọmọ ń wọ̀ mọ́ àyà àti ìbàdí, kò ṣe nǹkan kan. Lọ́dún náà ni ìwádìí kan tí Stuart Weinstein ṣáájú rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà, lórí àwọn ọmọ tí títẹ̀ ẹ̀yìn wọn wà láàrin digírì 20 sí 40. Nínú 100 àwọn tó wọ ìgbàjá, 72 ni ẹ̀yìn wọn kò tó digírì 50 títí wọ́n fi dàgbà tán. Nínú 100 àwọn tí wọ́n kàn ń ṣọ́, 48 ni. Ìyàtọ̀ náà hàn débi pé wọ́n dá ìwádìí náà dúró ṣáájú àkókò, nítorí kò tọ́ kí wọ́n máa fi ìgbàjá du àwọn yòókù. Láàrin àwọn tó wọ̀ ọ́ tó bí wákàtí 13 lójúmọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀, bí 9 nínú 10 ni ó yege. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ọmọ ṣì ń ga nìkan ni ìgbàjá ń ṣiṣẹ́. Bí egungun bá ti gbó, ó ti tán. Èyí tó bá sì ti kọjá digírì 50 máa ń pọ̀ sí i bí digírì kan lọ́dún, àní lẹ́yìn tí ọmọ ti di àgbà. Èyí tó bá pọ̀ jọjọ lè há ẹ̀dọ̀fóró mọ́.

Ohun kan wà níbí tó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin Mùsùlùmí gbọ́. Ní ìlú òyìnbó, ìtìjú ni ó ń mú ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin bọ́ ìgbàjá jù sílẹ̀, nítorí aṣọ wọn fún mọ́ra, gbogbo ayé sì ń rí i. Jílíbáàbù fẹ̀. Ọmọ lè wọ ìgbàjá lábẹ́ rẹ̀ láti Mayfair dé Sábó kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ooru Ifẹ̀ ni ó kù, síńgílẹ́ẹ̀tì òwú lábẹ́ ìgbàjá á sì gba òógùn díẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá kí ó sì fi orí kanlẹ̀, kí ó bọ́ ọ, kí ó kírun, kí ó tún un dè. Ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn kò ba ìtọ́jú jẹ́.

Ẹni tí kò bá rí ìgbàjá wọ̀ lásìkò, tí tirẹ̀ sì pọ̀, iṣẹ́ abẹ ni yóò kù fún un: wọn yóò fi irin àti ìdè tí a dè mọ́ egungun nà án. Ilé ìwòsàn tó ń ṣe irú rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò pọ̀. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni FOCOS ní Accra, lórílẹ̀-èdè Ghana, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oheneba Boachie-Adjei dá àjọ tó ni ín sílẹ̀ ní 1998, tí wọ́n sì ṣí ilé ìwòsàn rẹ̀ ní 2012. Láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà ni wọ́n ti ń gbé àwọn ọmọ wá síbẹ̀, ẹ̀yìn àwọn mìíràn nínú wọn ti tẹ̀ kọjá digírì 100 kí wọ́n tó dé. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí ènìyàn yìn ni. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí digírì 100 bá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Gbogbo wọn ni ó gba digírì 20 kọjá, àwọn kan nínú wọn sì gbà á kọjá nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n bàlágà, lábẹ́ aṣọ, nínú ilé tí òbí wà.

Àwọn kan yóò tọ́ka sí Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni pé ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń gbani nímọ̀ràn níbẹ̀ lórí àyẹ̀wò àìsàn sọ ní 2004 pé kí wọ́n má ṣe máa yẹ ẹ̀yìn gbogbo ọmọ wò. Ní 2018 wọ́n yí i padà, wọ́n ní ẹ̀rí kò tíì tó láti sọ pé ó dára tàbí kò dára. Ara ohun tó ń kọ wọ́n lóminú ni àwọn ọmọ tí àyẹ̀wò ń sọ pé ó ní in tí kò sì ní in, tí wọ́n á wá lọ gba X-ray lásán. Àníyàn náà bójú mu, ìmọ́lẹ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ni ó lè dín in kù. Ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ níbẹ̀ ni dókítà ń yẹ gbogbo ara wọn wò láti ìgbà dé ìgbà, kódà bí ara wọn bá le. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tí ibà kò mú kì í dé ọ̀dọ̀ dókítà. Kò tọ́ kí a yá ìdáhùn ẹni tí ìbéèrè rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa.

Ifẹ̀ ní ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti wà níbẹ̀ láti 1975. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹ̀ka kan wà tó ń kọ́ àwọn oníṣègùn físíò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì jẹ́ obìnrin. Ẹni tó bá fẹ́ ìgbàjá lè lọ sí Igbóbì ní Èkó, níbi tí ilé ìwòsàn egungun ti wà láti 1945. Ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ yìí kò nílò yàrá tí wọ́n fi òjé bo ògiri rẹ̀ bíi ti X-ray, kò sì nílò iná ńlá. Kọ̀ǹpútà kan, kámẹ́rà kan àti iná kékeré kan ni, ẹ̀rọ báńtìrì ilé lè gbé e nígbà tí iná ìjọba bá lọ. Nítorí náà, ẹni tó ní owó tó fẹ́ fi ṣe sàdákà járíyà kò gbọdọ̀ rò pé mọ́ṣáláṣí àti kànga nìkan ni ó wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà náà ní iṣẹ́ níbẹ̀, nítorí ìṣirò inú rẹ̀ kì í ṣe àdììtú.

Ti ìbora ara ńkọ́? Ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ wà ní ìhòòhò títí dé òkè ìdí kí ẹ̀rọ tó lè rí i. Àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ti ṣàlàyé pé ìtọ́jú àìsàn jẹ́ ìdí tí a fi lè ṣí ohun tó yẹ kí ó bò, ní ìwọ̀n tí ó bá pọn dandan, kí ó sì jẹ́ pé obìnrin ni yóò wo obìnrin níbi tí a bá ti rí i. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, gba àwọn ẹrú Ọlọ́hun níyànjú láti wá ìwòsàn. Kí òbí má ṣe fi ìtìjú ṣe àwáwí. Dípò bẹ́ẹ̀, kí ó béèrè ohun tó tọ́ sí i: kí obìnrin ló máa tukọ̀ ẹ̀rọ, kí ìyá wà nínú yàrá, kí aṣọ bo iwájú ọmọ, kí ojú rẹ̀ má sí nínú àwòrán.

Àwòrán náà gan-an sì ni ohun tó yẹ kí ó kọ àwọn òbí lóminú ju ìṣẹ́jú márùn-ún tí aṣọ fi kúrò lára lọ. Ta ni yóò tọ́jú rẹ̀? Fóònù ta ni ó wà? Ẹ̀rọ tó dára kò nílò láti tọ́jú fọ́tò. Ó lè sọ ẹ̀yìn náà di nọ́ńbà àti àmì lásán, kí ó sì pa fọ́tò rẹ́. Òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn mọ́ àwọn ìsọfúnni tó nílò ìpamọ́ àkànṣe. Ilé ìwòsàn tàbí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ yẹ ẹ̀yìn àwọn ọmọbìnrin wò gbọ́dọ̀ kọ ìdáhùn ìbéèrè wọ̀nyí sílẹ̀ kí ọmọ kan tó bọ́ aṣọ. Ẹni tó bá ní kí ọmọ ẹlòmíràn fi fóònù òun ya ẹ̀yìn, kí òun lè bá a fi ránṣẹ́ sí dókítà kan, kí wọ́n má gbà fún un, bí ó ti wù kí inú rẹ̀ mọ́ tó.

Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kò nílò ẹ̀rọ, kò nílò fọ́tò, kò sì nílò owó. Àwọn arábìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí oníṣègùn físíò kò wọ́n ní Ifẹ̀. Ẹnì kan nínú wọn lè kọ́ 20 ìyá ní àyẹ̀wò rúkúù yìí láàrin wákàtí kan, kí ìyá kọ̀ọ̀kan sì lọ ṣe é fún ọmọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún láti ọmọ ọdún 10. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí àsálátù bá ti parí, yàrá àwọn obìnrin ní ọ̀pọ̀ mọ́ṣáláṣí máa ń ṣófo títí di àkókò ìrun tó kàn. Yàrá náà ní ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ní kọ́kọ́rọ́.